Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Leonila

Orin ló kó bá Leonila Sumagaysay. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ burú. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọgun nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì La Paz lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàlá, kò sẹ́ni tó gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ nídìí aṣọ fífọ̀. Bí obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta bá wá ṣàdédé gbé orin ìfẹ́ sẹ́nu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ, aládùúgbò á yọjú. Nang Purita ló yọjú; Nang ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá juni lọ níbẹ̀, Nong ni wọ́n ń pe ọkùnrin. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì, etí ìyá náà sì mú ju ti ológbò lọ.

Nang Purita kò kí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n ti ká pa tipẹ́tipẹ́ débi pé ojú ìṣẹ́po rẹ̀ ti ń ya. Bí Leonila ṣe rí ìwé náà, orin dá mọ́ ọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

"Nang Purit, ẹ jọ̀ọ́. Orin lásán ni."

"Mo gbọ́. Ẹsẹ mẹ́ta lo kọ, o tún wá padà sí ègbè." Nang Purita ṣí ìwé náà. "Jẹ́ ká jọ kà á. 'Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń kọrin nídìí aṣọ fífọ̀.' Ìyẹn ti ṣẹ. 'Bí mo bá ra aṣọ tí mi ò nílò.' Aṣọ búlúù wo ló wà lórí okùn yẹn?"

"Aṣọ ni. Ṣé èèyàn kì í raṣọ ni?"

"Èèyàn ń raṣọ. Ìwọ ni o kì í raṣọ. 'Bí mo bá ń kó ẹrù mi fún èèyàn.' Nila, kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ dà?"

Leonila wo ọṣẹ tó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ti ní kí ọmọ àbúrò òun wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ.

"'Bí mo bá ní mi ò nílò oorun mọ́.'"

"Mo sùn. Mo sùn fọnfọn lálẹ́ àná. Ẹ béèrè."

"Lọ́wọ́ ta ni? Ìwọ nìkan lò ń gbélé." Nang Purita rọra ká ìwé náà pa. Ojú rẹ̀ kò le. Bí ẹni tí orí ń fọ́ ló rí. "Mẹ́ta nínú mẹ́rin. Méjì péré lòfin béèrè. Mú fóònù wá, àbúrò mi."

Ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Taob-Hunas, ìyẹn Ìkún àti Ìfà, bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà létí Iloilo lójoojúmọ́. Àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Inú wọn á kọ́kọ́ dùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò ní sùn, ọ̀rọ̀ á máa tú lẹ́nu wọn, wọn á máa ra ohun tí wọn ò nílò, wọn á máa ṣe ìlérí tápá wọn ò ká. Lẹ́yìn náà ọkàn wọn á fà lọ sísàlẹ̀ débi pé omi ìwẹ̀ gan-an á di òkè ńlá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ń kún, àwọn tó kù á ní kó jókòó fún Ọjọ́ Mẹ́sàn-án, bíi nobena, àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, kò gbọdọ̀ rà, kò gbọdọ̀ tà, kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀wé, kò gbọdọ̀ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Fóònù rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí oorun bá dá lójú rẹ̀, wọ́n á mú un lọ bá dókítà. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án, ohun tó bá ṣì wù ú ṣe, kó lọ ṣe é.

Leonila ló dá òfin yìí sílẹ̀. Àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ti Leonila yàtọ̀: ìyálé ló gbé pàṣán sí àjà, ìyálé náà ni wọ́n wá fi nà.

Ó mú fóònù náà jáde nínú àpò, ó gbé e lé Nang Purita lọ́wọ́. Ohun kan wà tí kò sọ.

Ohun náà ń jẹ́ Anselmo. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tún ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó ń kó èrò lọ sí erékùṣù Guimaras ṣe. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Leonila ń sọdá lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnnì kú sáàárín omi, Anselmo sì wà nínú ọkọ̀. Ó tún un ṣe, ó nu ọwọ́, ó ní kí Leonila má ṣe di òun lápá mú mọ́, pé ẹ́ńjìnnì ti jí. Láti ìgbà yẹn, ó ti di oṣù mẹ́wàá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló wá là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Palawan fẹ́ fà á lé ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ọkọ̀ òkun á gbéra lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. "Bó o bá ní o máa fẹ́ mi, Inday, mi ò lọ. Bó ò bá fẹ́, jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó gbẹ́rù." Inday ló máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ pe obìnrin níbẹ̀.

Nínú ọkàn Leonila, ó ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí ọkọ̀ tó gbé e padà dé Iloilo. Aṣọ búlúù wà fún ìyẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ní wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Anselmo ní Guimaras, ìdí nìyẹn tó fi fún ọmọ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ló fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Kí ló dé tí kò wá ṣàlàyé fún Nang Purita? Ìbéèrè kan ló ń sá fún. Bó bá ní òun fẹ́ẹ́ lọ́kọ, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá náà máa bi í ni pé, "Ṣé ó mọ̀?" Anselmo kò mọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ni Leonila sọ fún un pé ó gbé òun dé ìdí oògùn. Ọkùnrin náà sì gbà á gbọ́ débi pé ní Guimaras, níbi tí máńgòrò ti dùn bí oyin, èyí tó kan jù lórí igi ló máa ń bá a ṣà.

Nang Purita kò fẹ́ kí ọwọ́ Leonila dilẹ̀. Ẹgbẹ́ máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ti tó ọdún méjì tí Leonila ti ń fi ìtàn ẹgbẹ́ tó yẹ kó kọ tàn wọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá náà ju ìwé kan sórí tábìlì. "O ní o ò ráyè. O ti ráyè báyìí. Kọ ọ́."

Leonila bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà látorí bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì onípákó kan ni, níwájú yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Irú iyọ̀ kan ni oògùn wọn. Bó bá pọ̀ jù lára, májèlé ni. Bó bá kéré jù, asán ni. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èèyàn ò sì gbọdọ̀ lo ti òwúrọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó gbé e wá. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe gbogbo wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Leonila rí obìnrin kan tó jáde wá tòun ti òwú lápá, tó tú etí hánkáṣíìfù, tó mú oògùn funfun kan níbẹ̀, tó sì gbé e mì láìdúró de omi. Irú ìdì kan náà wà létí hánkáṣíìfù tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun náà tán, ó jókòó ti obìnrin yẹn, ó tú tirẹ̀, ó gbé e mì lójú rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

"Ìtọ̀ ṣúgà?" obìnrin náà bi í.

"Ìtọ̀ ṣúgà ni," Leonila dáhùn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọrí síta. Nang Purita lobìnrin náà. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti di mẹ́rin tó ń pín biscocho, búrẹ́dì yíyan gbígbẹ, jẹ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Lọ́dún kejì wọ́n di mọ́kànlá, àlùfáà sì fún wọn ní yàrá tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Àga méjì ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, àwọn tó kù ń jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Jomarie wá jókòó tì í pẹ̀lú Nang Purita. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Jomarie, òru ló ń ṣiṣẹ́, ó ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀ lórí fóònù ilé iṣẹ́ kan. Oṣù kìíní ọdún yẹn lòun náà jókòó fún Ọjọ́ Mẹ́sàn-án tirẹ̀. Ó bú Leonila lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bú u lọ́jọ́ kejì, ó sunkún lọ́jọ́ kẹrin. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó fa lẹ́tà tó fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ya.

"Nang Nila, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí ìrẹsì," Jomarie wí.

"Ìrẹsì náà jinná dáadáa ni."

"Ó sèérún." Ọmọ náà kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Leonila fẹ́ bínú, ó rántí pé òun lòun kọ́ ọ ní ohun tó ń kọ.

Ọjọ́rú ni ìtàn náà dé ibi tó ń dunni. Ọdún 1999 ni. Leonila kún. Ó pàdé Wenceslao, ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ jiipu lọ́dà, ó sì gbà láti fẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Àlùfáà ti ké orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó. Kó tó ké e lẹ́ẹ̀kẹta, òkun fà. Leonila wọ yàrá, kò jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wenceslao wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo irun tí kò fojú kan òòyà, ó kí i, kò sì padà wá mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, àlùfáà kò ké orúkọ wọn, gbogbo ìjọ sì gbọ́ pé kò ké e. Nang Purita ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí Leonila dìde, ó kọ àmì mẹ́rin sínú ìwé, ó sì bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun ṣèlérí fún èèyàn láàárín ìkún mọ́ láé.

Ó fi bírò lélẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kò bá ẹgbẹ́ wí pé wọ́n sá. Òun gan-an ń sá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù kì í ṣe ọkọ̀ òkun. Kò mọ̀ bóyá inú dídùn tó wà nínú òun jẹ́ ti òun, àbí ti àìsàn. Irú ayọ̀ yìí ló ní ní 1999. Ó dùn bákan náà lẹ́nu.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Nang Purita nìkan ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé ẹ̀wà kadyos tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè kalẹ̀, kò ṣí i. Ó gbé fóònù Leonila sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Mo ti dẹ́ṣẹ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ Ajé ni ohun yìí ti ń dún nínú àpò mi. Mo kà á. Mo ní bóyá oníṣẹ́ ibi kan ló fẹ́ẹ́ lù ọ́ ní jìbìtì. 'Inday, ṣé kò sí?' 'Inday, bí mo bá ti ṣe ohun tó bí ọ nínú, sọ.' Ti àná ni, 'Inday, mo ti ń di ẹrù.' Nila, ta ni Selmo?"

Leonila sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, Nang Purita bi í ní ohun tó mọ̀ pé á bi.

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ìtọ̀ ṣúgà ló rò pé ó jẹ́."

Nang Purita fọwọ́ bo ẹnu. Ejìká rẹ̀ kọ́kọ́ mì, ẹ̀rín ni. Kó tó mú ọwọ́ kúrò, ó ti di ẹkún. "Oṣù mẹ́wàá," ó ní. "Oṣù mẹ́wàá lo ti ń lọ tó o ń bọ̀, mi ò fura. Mo ti ń wo ojú rẹ fún àìsàn pẹ́ débi pé mi ò mọ bí ayọ̀ ṣe rí níbẹ̀ mọ́. Gba fóònù rẹ. Dá a lóhùn."

Leonila na ọwọ́, ó sì fà á sẹ́yìn.

"Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí la máa sọ fún Jomarie lọ́jọ́ tó bá tún kún? Pé òfin wà fún ọmọdé? Ọjọ́ karùn-ún la wà, Nang Purit. Mi ò ní ṣèlérí. Àmọ́ òfin wa ò ní kéèyàn má sọ òótọ́. Ẹ bá mi pè é. Ẹ ní kó wá lọ́la."

Ọjọ́ Ẹtì ni Anselmo dé. Ó ti fi ọṣẹ bó ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ dúdú ẹ́ńjìnnì kò kúrò ní èékánná. Ó kí Nang Purita, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ dájọ́ fún.

"Inday, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Nong. Èmi ni mo parọ́ fún yín. Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà." Ó gbé ìwé alámì mẹ́rin náà lé e lọ́wọ́. Ó sọ fún un bí òkun ṣe ń kún, ó sọ bó ṣe ń fà. Ó sọ nípa Wenceslao. Ó sọ ohun tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Mẹ́sàn-án, àti pé ọjọ́ kẹfà rèé. Kò dúró títí ó fi dé òpin.

Anselmo ka ìwé náà, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á.

"Ṣé ó máa ń lọ?"

"Ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà. Láti ọdún mẹ́rin, oògùn ti dá a dúró. Mi ò lè búra fún ọ̀la."

"Bó o bá ń kọrin, ṣé kẹ́rù máa bà mí?"

"Bí mo bá ń kọrin tí mo sì ń sùn, orin ni. Bí mi ò bá sùn, ẹ pe Nang Purit."

"Bí òkun bá wá fà ńkọ́?"

"Mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo lè má wẹ̀. Kò ní jẹ́ ẹ̀bi yín, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan tún ṣe níbẹ̀."

Ìyẹn ló le jù fún Anselmo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Èmi, títún nǹkan ṣe niṣẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Èyí ò ṣeé tú palẹ̀."

Ó ká ìwé náà pa, ó ní, "Nítorí náà gbogbo máńgòrò kíkan yẹn, lásán lo jẹ ẹ́?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Èmi náà jẹ ẹ́, kó má bàa dà bíi pé mò ń fi máńgòrò dídùn yangàn sí ọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Anselmo dìde. "Aago mẹ́wàá ọ̀la ni ọkọ̀ máa gbéra. Ṣó ò lè sọ nǹkan kan? Kó o kàn mi orí lásán?"

Leonila di apá àga mú. Kò mi orí. Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí ju kó mi orí lọ. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ sí i, ó dágbére fún wọn, ó lọ. Kò sọ pé òun á padà wá.

"Ǹ bá ti dijú," Nang Purita wí nígbà tó yá. "Ò bá ti mi orí."

"Ṣé ẹ gbà pé ara mi yá?"

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti àná."

"Kí ló dé tí ẹ ò tú mi sílẹ̀ tipátipá?"

"Nítorí pé mi ò mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àbí mo kàn fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ." Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá lù. Leonila kò kọ nǹkan kan sínú ìwé ìtàn. Ó gbálẹ̀, ó tún un gbá. Aago méjìlá kọjá. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ṣe ohun tó tọ́, kò sì rí ìtura kankan níbẹ̀. Nang Purita wọlé lọ́sàn-án. Wọ́n jọ ń retí Jomarie tó yẹ kó ṣe ìkejì.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Anselmo ni, pẹ̀lú ìkòkò kan tó fi aṣọ ìnuwọ́ dì.

"Mo bá ọmọbìnrin yín pàdé lẹ́nu ọ̀nà," ó sọ fún Nang Purita. "Oorun ń pa á. Mo ní kó máa lọ sílé lọ sùn, màá bá a jókòó. Wọ́n ní ẹni méjì ni."

Nang Purita wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ mọ òfin?"

"Ẹ kọ́ mi."

"Ẹ ò ní bá a jiyàn. Ẹ ò ní fi í ṣẹ̀sín. Ẹ ò ní lọ kí oúnjẹ tó tán."

"Mo gbọ́."

Leonila ti dìde dúró. "Nong Selmo. Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Mi ò tíì dá yín lóhùn o."

"Mo mọ̀."

"Mo lè sọ pé rárá lọ́jọ́ Ajé."

"Bó bá jẹ́ rárá, màá wá ọkọ̀ mìíràn. Inday, mi ò wá gbèsì lónìí. Jíjókòó ni mo wá jókòó. Níbo lẹ ń kó abọ́ sí?"

Leonila padà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì sunkún bí kò ṣe sun ún láti ọdún pípẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Anselmo rí abọ́ fúnra rẹ̀, Nang Purita sì bu ìrẹsì sí mẹ́ta. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tí òkun wọn ń kún tó sì ń fà bíi tirẹ̀ nìkan ló ti ń jókòó tì í. Ọkùnrin yìí kò ní àìsàn kankan, kò sì rí ìdáhùn kankan gbà, ó sì fa àga súnmọ́ ọn. Ọjọ́ méjì ló kù, kò sì sí ẹni tó ń kánjú nínú wọn.